Bí Ìyàwó Àtijọ́ Bá Ti Fẹ́ Ọkọ Mìíràn: Bí Ẹ Ṣe Lè Fòpin sí Owó Ìtọ́jú ní Èkìtì Láìtàpá sí Òfin

Ẹnì kan láti Ìkéré lè tẹ ọkùnrin láago pé "Ṣé ẹ ti gbọ́?", tàbí kó jẹ́ orí Facebook ló ti máa rí i: ìyàwó àná nínú aṣọ òkè, ọkọ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí sì rèé, oṣooṣù ló ń san owó ìtọ́jú tí kóòtù bù lé e lórí láti ìgbà tí wọ́n ti tú ká. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé owó oṣù yẹn kò ní lọ mọ́. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é.

Òótọ́ ni pé ìgbéyàwó tuntun lè fòpin sí owó ìtọ́jú, àmọ́ adájọ́ ló ń fòpin sí i. Òfin Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, èyí tó ń darí ìkọ̀sílẹ̀ ìgbéyàwó alárédè ní Nàìjíríà, sọ ọ́ ní abala 73 pé kóòtù lágbára láti fagi lé àṣẹ owó ìtọ́jú bí ẹni tí wọ́n ń san án fún bá tún ìgbéyàwó ṣe, tàbí bí ìdí mìíràn tó tọ́ bá wà. Kóòtù ni òfin gbé agbára náà fún. Títí di ọjọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, àṣẹ àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, gbogbo oṣù tí ẹ kò bá sì san ti di gbèsè. Obìnrin náà lè fi àjẹsílẹ̀ yẹn pè yín lẹ́jọ́, ó lè ní kí kóòtù gba owó náà nínú àpò yín ní báńkì, kí ẹ sì wá dúró níwájú adájọ́ bí ẹni tí kò ka àṣẹ sí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ní ẹjọ́ rere lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní London máa ń da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wọn ti ọdún 1973 ní ọjọ́ tí ẹni tó ń gba owó oṣooṣù bá tún ìgbéyàwó ṣe ni àṣẹ náà kú fúnra rẹ̀, àfi àjẹsílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ láti Peckham ní London bá ń gbà nímọ̀ràn lórí fóònù, kó rántí pé kóòtù Adó ni ẹjọ́ tirẹ̀ wà.

Ọkùnrin ni mo ń fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé àwọn ló pọ̀ jù nínú ẹni tó ń san owó yìí. Òfin náà kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀. Obìnrin tí kóòtù ní kó máa tọ́jú ọkọ àtijọ́ lè gba ọ̀nà kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ kóòtù tó pàṣẹ náà

Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó alárédè lẹ ṣe, yálà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ló tú u ká, Ilé-Ẹjọ́ Gíga náà lẹ sì máa padà sí. Ibi tí àṣẹ ti jáde gan-an ni kí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà, pé ẹ ti kó wá sí Adó-Èkìtì kò gbé fáìlì náà tẹ̀ lé yín.

Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, tàbí yìgì ti Mùsùlùmí, òfin ọdún 1970 yẹn kò kàn yín lórí owó ìtọ́jú. Kóòtù ìbílẹ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ yín lẹ máa lọ. Níbẹ̀, owó ọmọ ló sábà máa ń wà nínú àṣẹ, torí pé nínú àṣà wa obìnrin tó ti kọ ọkọ, tí owó orí sì ti padà, kò sí lọ́rùn ọkọ àná mọ́. Fún Mùsùlùmí, ìtọ́jú ìyàwó tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ kò sábà kọjá àkókò ìdà rẹ̀, ìyẹn àkókò tí obìnrin máa ń fi dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ kó tó lè fẹ́ ọkọ mìíràn. Nítorí náà, ìgbéyàwó alárédè ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka àṣẹ náà fúnra yín

Ẹ má gbára lé ohun tí ẹ rántí, ẹ má sì gbára lé ohun tí lọ́yà àtijọ́ sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì àti ọjọ́ ìdájọ́. Ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ sí, ẹ san owó rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yìí ló wúlò. Fótókópì lásán kò tó.

Bí ìwé náà bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ wá gbólóhùn tó sọ ìgbà tí owó náà máa dópin. Oríṣi ló wà. Àwọn kan sọ pé "títí tí yóò fi tún ìgbéyàwó ṣe". Bí tiyín bá sọ bẹ́ẹ̀, àṣẹ náà ti sọ ọjọ́ ikú ara rẹ̀, iṣẹ́ yín sì rọrùn: ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí ìyàwó àtijọ́, kó so ẹ̀rí ìgbéyàwó mọ́ ọn. Síbẹ̀, bó bá jiyàn pé òun kò ṣe ìgbéyàwó kankan, ó sàn kí ẹ jẹ́ kí adájọ́ sọ ọ́ jáde. Àwọn mìíràn sọ pé "títí kóòtù yóò fi pàṣẹ mìíràn", tàbí "níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ṣì wà láàyè". Irú èyí kò lè kú láìsí adájọ́, kódà bó bá ti bímọ fún ọkọ tuntun.

Ẹ tún wò ó bóyá owó oṣooṣù ni, tàbí owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí ilé tàbí ilẹ̀ tí kóòtù pín fún un. Ohun tó ti di tirẹ̀ nínú ìpín dúkìá, ẹ má ronú pé ìgbéyàwó tuntun máa gbé e padà wá. Bí kóòtù bá ti pín ilé kékeré tó wà ní Basiri fún un, ọkọ tuntun lè kó wọ ibẹ̀ bá a, kò sì sí ohun tí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹ máa gbé lọ sí kóòtù lè ṣe sí i. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni dúkìá tí wọ́n ti pín, ọ̀tọ̀ ni owó jíjẹ mímu oṣooṣù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ owó ọmọ sọ́tọ̀

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ba ẹjọ́ ara wọn jẹ́. Ìyá wọn ló lọ́kọ tuntun. Ẹ̀yin ṣì ni bàbá àwọn ọmọ. Ọkọ tuntun kò di ẹni tó jẹ àwọn ọmọ yín ní owó iléèwé. Abala 71 òfin yẹn ní ire ọmọ ni kóòtù gbọ́dọ̀ kà sí jù nínú ọ̀rọ̀ tó bá kan wọn. Abala 70 sì ní kóòtù kò ní pàṣẹ ìtọ́jú fún ọmọ tó bá ti pé ọdún 21, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá jẹ́ ọdún 12, ẹ ṣì ní iṣẹ́ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦60,000 lóṣù ṣe àpẹẹrẹ. Bí àṣẹ bá sọ pé ₦25,000 jẹ́ ti ìyàwó àtijọ́, ₦35,000 sì jẹ́ ti àwọn ọmọ méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti yanjú: ₦25,000 nìkan lẹ máa bá lọ sí kóòtù. Ìṣòro wà bí àṣẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó kàn sọ pé ₦60,000 fún "ìtọ́jú olùdáhùn àti àwọn ọmọ" (olùdáhùn ni ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, níbí, ìyàwó àtijọ́). Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa jókòó sílé pín in. Ẹ ní kí adájọ́ pín in, kó yọ ti ìyá kúrò, kó sì sọ iye tó kù fún àwọn ọmọ. Bí kóòtù bá máa dín iye owó kù láìfagi lé àṣẹ, ó gbọ́dọ̀ rí i pé nǹkan ti yí padà lọ́nà tó tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àṣẹ ti jáde. Ẹ ti kó rìsíìtì owó iléèwé, ti oògùn, ti aṣọ dání, kí ẹ má baà dà bí ẹni tó fẹ́ fi ìgbéyàwó ìyá sá fún àwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé ìgbéyàwó ni lóòótọ́?

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kì í ṣe ìgbéyàwó. Ìdílé méjèèjì lè jẹun, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n wọ aṣọ ẹbí, kí ọ̀rọ̀ sì tú ká lọ́sẹ̀ kejì. Bí obìnrin bá ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin kan ní Ajílósùn, ìyẹn náà kò tíì di ìgbéyàwó. Ẹ lè fi irú ìgbé-pọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ kóòtù lábẹ́ "ìdí mìíràn tó tọ́", pàápàá bó bá hàn pé ọkùnrin náà ló ń gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn le ju ti ìgbéyàwó tó ní ìwé lọ, mi ò sì ní bá yín pọ́n ọn lé.

Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó alárédè, ìwé wà. Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é ní ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, òfin sì fàyè gba ẹni tó bá san owó pé kó wá yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó dára jù èyí lọ. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn ni pé wọ́n gba owó orí, òbí tàbí ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n sì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni kó jẹ́rìí: ẹbí, aládùúgbò, kódà alága ìjókòó tàbí alága ìdúró tó darí ètò lọ́jọ́ náà. Lọ́yà ìhà kejì lè jiyàn lórí bí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ṣe wúwo tó nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí náà ẹ̀rí yín gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti ẹni tó ní ìwé ìjọba lọ.

Fọ́tò orí fóònù ń ran ẹjọ́ lọ́wọ́, àmọ́ kò lè dá dúró. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè ìwé ìjẹ́rìí lórí ẹ̀rọ tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ sọ fún lọ́yà pé láti orí Facebook lẹ ti rí i, kó lè kọ ìwé náà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má lọ máa tẹ̀ lé obìnrin náà kiri, ẹ má rán ọmọ láti lọ yẹ pálọ̀ ìyá rẹ̀ wò. Èkìtì ní òfin tó dènà ìwà ipá nínú ilé àti sí obìnrin láti ọdún 2011. Ẹ má sọ ara yín di ẹni tí wọ́n ń fi òfin yẹn wá nítorí ẹ̀rí tí ẹ lè rí gbà ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ẹ wo ọjọ́ pẹ̀lú. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí kóòtù ń ṣe nínú ìkọ̀sílẹ̀ kò tíì tú ìgbéyàwó ká pátápátá; ó sábà máa ń gba oṣù mẹ́ta kó tó di àṣekágbá. Bí ìyàwó àtijọ́ bá ti ṣe ìgbéyàwó tuntun kí ọjọ́ yẹn tó pé, ìgbéyàwó náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á sì di ẹjọ́ mìíràn. Ẹ fi ọjọ́ inú ìwé àṣekágbá wé ọjọ́ inú ìwé ìgbéyàwó kí ẹ tó na kọ́bọ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì ti ti kóòtù bọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sì ṣì ní ọmọ pọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti wọlé ọkọ tuntun kò fẹ́ kí owó ọkọ àná máa wọlé mọ́. Ìtìjú ni fún un, kò sì dùn mọ́ ọkọ tuntun nínú. Bí ẹ bá mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àgbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún, ẹ gba ibẹ̀ lọ. Kí ẹ sọ ọ́ ní kúkúrú: "Ẹ kú oríire. Owó àwọn ọmọ kò ní dúró. Tiyín nìkan ni mo fẹ́ kí a jọ lọ sọ fún kóòtù pé ó ti parí."

Bó bá gbà, ẹ má fi í mọ sórí àga ẹ̀gbọ́n. Àdéhùn ẹnu kò fagi lé àṣẹ kóòtù, bí àárín yín bá sì dàrú lọ́dún méjì sí i, àjẹsílẹ̀ ni wọ́n máa kà sí yín lọ́rùn. Àwọn lọ́yà máa kọ àdéhùn náà, ẹ̀yin méjèèjì máa fọwọ́ sí i, kóòtù sì máa sọ ọ́ di àṣẹ. Abala 73 kan náà fún kóòtù lágbára láti fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yìí ló yá jù, òun ló sì kéré jù lówó. Bí mo bá wà ní ipò yín, òun ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ìbúra

Bí kò bá gbà, ẹ ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sínú fáìlì ẹjọ́ àtijọ́. Lọ́yà ló máa kọ ọ́, pẹ̀lú ìwé ìbúra yín àti àlàyé òfin tirẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká lọ́yà, kó lọ béèrè ìmọ̀ràn ní ọ́fíìsì Legal Aid Council tàbí lọ́wọ́ ẹ̀ka àjọ àwọn obìnrin amòfin, FIDA, ní Èkìtì. Ẹ béèrè iye tó máa jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san sí kóòtù.

Ohun tí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún yẹ kó ṣe kedere. Èkíní, kí kóòtù fagi lé apá àṣẹ tó kan ìyàwó àtijọ́, kí ó jẹ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó tuntun. Èkejì, bí kóòtù kò bá fẹ́ fagi lé e, kó dá a dúró fún ìgbà kan tàbí kó dín in kù. Ẹ̀kẹta, kí apá àwọn ọmọ dúró bó ṣe wà. Ẹ kọ ẹ̀kẹta yìí sílẹ̀ kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè. Adájọ́ tó bá rí i máa mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Ní ti pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, adájọ́ lè gbà, ó sì lè ní láti òní lọ ni. Owó tí ẹ ti san láàárín ìgbà yẹn, ẹ má fi ọkàn sí i pé ó máa padà.

Ìwé ìbúra ni ẹ̀yin fúnra yín máa búra lé lórí níwájú òṣìṣẹ́ ìbúra ní kóòtù, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á dáadáa. Ohun tí inú máa ń bí ènìyàn kọ ni: "Olùdáhùn ti fẹ́ olówó, ó ń jayé orí rẹ̀, ó sì ń fi owó mi ra góòlù." Adájọ́ kò lè fi gbólóhùn yìí ṣe ohunkóhun, lọ́yà ìhà kejì sì máa ní kí wọ́n fa ìlà sí i, nítorí pé òfin ẹ̀rí kò fẹ́ àròyé àti èrò nínú ìwé ìbúra, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló fẹ́. Èyí tó dúró ni: "Olùdáhùn ṣe ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí mo so mọ́ ìwé yìí. Èmi fúnra mi ni mo gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀." Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìgbà àti ibi tó ti sọ ọ́, àti pé ẹ gbà á gbọ́. "Mo gbọ́ pé" lásán kò wúlò.

Ẹ so àwọn ìwé wọ̀nyí mọ́ ọn: ẹ̀dà olóǹtẹ̀ àṣẹ owó ìtọ́jú, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ àṣekágbá, ẹ̀rí ìgbéyàwó tuntun, àti ìwé báńkì tó fi hàn pé ẹ ti ń sanwó déédéé. Ìwé báńkì yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ti jẹ gbèsè oṣù mélòó kan sílẹ̀, ẹ san án kí ẹ tó lọ, tàbí kí ẹ sọ bí ẹ ṣe máa san án. Ẹni tó ń bẹ kóòtù, tó sì ti ń tàpá sí àṣẹ kóòtù kan náà, adájọ́ kì í fi ojú rere wò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: ìfìwéránṣẹ́ àti ọjọ́ ẹjọ́

Akódà kóòtù ló máa mú ìwé lọ bá obìnrin náà. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì tó péye: bó bá ti kó lọ sílé ọkọ tuntun ní Ìjerò, àdírẹ́sì àtijọ́ kò wúlò. Bí wọn kò bá rí i, lọ́yà yín lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn tàbí kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn tí kóòtù bá fọwọ́ sí. Òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti fèsì pẹ̀lú ìwé ìbúra tirẹ̀. Ẹ má fi ìbínú ka èsì náà, torí pé ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó kù láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kóòtù máa ń lọ ìsinmi ọdọọdún ní àárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, nítorí náà ẹ má retí pé ìwé tí ẹ gbé lọ ní ìparí oṣù kẹfà máa ní ìdáhùn kíákíá.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ máa san owó. Ó le láti máa fi owó ránṣẹ́ sí obìnrin tó ti di ìyàwó ẹlòmíràn, mo mọ̀. Bó bá ti wúwo jù, ẹ ní kí lọ́yà bẹ̀bẹ̀ pé kí kóòtù dá a dúró ná títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́. Òfin fún adájọ́ lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ẹ̀ka ní Adó-Èkìtì. Oṣù mẹ́ta ni òfin fún yín láti gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ lórí ìdájọ́ tó parí ẹjọ́ pátápátá, ọjọ́ 14 sì ni lórí èyí tí kò bá parí rẹ̀. Ọjọ́ ìdájọ́ gan-an ni kí ẹ ti béèrè lọ́wọ́ lọ́yà èwo ni tiyín.

Fún ẹni tó ń gba owó náà

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti tún lọ́kọ. Ẹ má fi ìgbéyàwó pa mọ́ nítorí owó oṣooṣù. Bó bá jáde lẹ́yìn, ó máa ba orúkọ yín jẹ́ níwájú adájọ́ kan náà tí ẹ máa nílò fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ gbà kí tiyín dópin, kí ẹ sì di ti àwọn ọmọ mú ṣinṣin. Bí owó ọmọ kò bá tó mọ́ nítorí pé nǹkan ti wọ́n, ẹ̀yin náà lè bẹ kóòtù pé kó fi kún un.

Lẹ́yìn ìdájọ́

Ẹ gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ àṣẹ tuntun. Ẹ mú ọ̀kan lọ sí báńkì bí ẹ bá ti ní kí wọ́n máa yọ owó náà fúnra wọn, ẹ mú òmíràn lọ bá àwọn tó ń san owó oṣù yín bó bá jẹ́ láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ má rò pé kóòtù máa sọ fún wọn. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá wọ́n fagi lé àṣẹ náà ni tàbí wọ́n kàn dá a dúró, torí pé òfin fàyè gba kóòtù láti jí àṣẹ tí wọ́n dá dúró dìde, bí àpẹẹrẹ bí ìgbéyàwó tuntun bá tú ká.

Owó àwọn ọmọ ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ, lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ọmọ àti oṣù sí i nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́. Ìwé báńkì yẹn lẹ máa gbé jáde bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹ ti dá ti àwọn ọmọ dúró pọ̀ mọ́ ti ìyá wọn.